Ilé tó ń há mọ́ni: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwà ipá láàárín tọkọtaya, fún àwa ará Ìkòròdú

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń di egbò fún àwọn èèyàn ní Ìkòròdú yìí, mo sì ti gbọ́ "mo ṣubú nínú balùwẹ̀" débi pé mo lè fi ojú lásán mọ ojú egbò tí balùwẹ̀ kò lè dá síni lára. Àwọn ìbéèrè tí mo kọ sílẹ̀ yìí, ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ wọn, nídìí tábìlì tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Máìlì 12, nínú ọgbà ilé ìjọsìn. Mo ti yí ohun gbogbo tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni padà.

Bí ẹ bá wà nínú ewu lọ́wọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ kà á tán. Ẹ pe 112 tàbí 767.

Ọkọ mi ò fọwọ́ kàn mí rí. Ṣé a lè pe tèmi ní ìwà ipá?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, òun ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní tèmi. Kí ni ohun tí ẹ ń ṣe fàlàlà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ kò lè ṣe mọ́ lónìí? Obìnrin kan wà tó ń ta ẹja tútù ní Sábó. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ọkọ ní òun kò fẹ́ kó máa dá àjọ mọ́, pé òun ni kó máa kó owó fún. Ó gbà, ó rò pé ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ọkọ ní àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, kó má wá mọ́. Ó gbà, kí àlàáfíà lè wà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí gba fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò lálaalẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka wákàtí tó fi ń ti ọjà dé. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, obìnrin yìí kò ní owó ọkọ̀ láti Sábó dé Ìjẹ̀dẹ́ tí ìyá rẹ̀ wà, àfi kó tọrọ. Kò sì sí ẹni tó gbá a létí rárá.

Bí mo ṣe máa ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. N kì í ka iye ìgbájú, mo máa ń wo bí ayé obìnrin náà ṣe há tó. Ilé tí kò sí ìnilára nínú rẹ̀ kì í há mọ́ èèyàn lọ́dọọdún.

Ní ìlú Duluth, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984, àwọn tó ń ran irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ jókòó tì wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé gan-an. Wọ́n ya ìdáhùn wọn bí àgbá kẹ̀kẹ́. Ohun tó wà lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ni owó tí a gbà lọ́wọ́ ẹni, ìhàlẹ̀, èébú, yíyani sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, fífi ọmọ dẹ́rù bani. Lílù wà létí, òun ni rọ́bà tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Agbára àti ìjẹgàba ni wọ́n kọ sí àárín gbùngbùn. Òkè òkun ni wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n mo fi han àwọn obìnrin kan ní Ìgbógbó rí, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé òun fún òyìnbó.

Òfin Èkó gan-an mọ èyí. Òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 ka èébú àti ìdààmú ọkàn mọ́ ìwà ipá. Ó ka fífi ebi pani mọ́ ọn, àti fífi owó jẹni níyà, títọ ipasẹ̀ ẹni kiri, bíba nǹkan ẹni jẹ́.

Ìbínú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí inú bá ti bí i, kì í mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ yín á kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Gòsílóò á dá a dúró láti Àgíríìkì dé Máìlì 12. Agbèrò á bú u, ọ̀gá níbi iṣẹ́ á pè é ní òpònú lójú gbogbo èèyàn, onílé á tún gbà á lálejò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó ilé. Mélòó nínú wọn ló gbá létí?

Tó bá wá délé, tó ti ilẹ̀kùn, tó ní kí àwọn ọmọ wọ yàrá, tó wá lu yín níbi tí aṣọ máa bò, ẹni tó ń ṣe gbogbo ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Bí onílé bá kan ilẹ̀kùn láàárín ìyẹn, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá, kò sí nǹkan." Mo ti rí i. Ìbínú tí kò ṣeé káwọ́ kì í tètè rọlẹ̀ báyẹn.

Ọtí ńkọ́?

Ọtí máa ń mú kí ọwọ́ wúwo sí i, ó sì máa ń mú kí ewu pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń mu páráàgà tí wọ́n ń sùn lọ fọnfọn. Ẹni tí ọtí dá lójú rẹ̀ tó ṣì ń ka owó ọjà ìyàwó, kì í ṣe ọtí ni ìṣòro rẹ̀ nìkan.

Tó bá lù mí tán, á dọ̀bálẹ̀, á sunkún, á ra aṣọ. Ṣé kò ti ń yí padà?

Ó ṣeé ṣe kí ẹkún náà jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sọ irú ìtàn kan náà fún mi. Ilé á kọ́kọ́ gbóná, ẹ ó máa fẹsẹ̀ kẹlẹ́ rìn nínú yàrá tẹ̀yin fúnra yín. Lílù á wá. Ẹ̀bẹ̀ á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹ̀bùn àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ara á tù yín fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ilé á tún bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àsìkò ẹ̀bẹ̀ á máa kúrú. Nílé àwọn mìíràn, kò sí ẹ̀bẹ̀ rárá mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ń yí padà, ẹ má wo aṣọ tó rà. Ṣé ó ti dá fóònù yín padà? Ṣé ẹ lè lọ kí ìyá yín lọ́la láìtọrọ ààyè? Ṣé ó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé "Mo lu ìyàwó mi, ẹ̀bi mi ni," láìfi "ṣùgbọ́n òun náà" kún un?

Ó fún mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì pẹ́. Kò tilẹ̀ sí àpá. Ṣé ó tó kí n máa dààmú?

Ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọwọ́ bá di iṣan ọrùn, èèyàn lè dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè kú. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, a kì í rí àpá kankan lójú ara, nígbà tí ìpalára wà nínú. Bí ohùn yín bá há, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tí ẹ rí àmì pupa wínníwínní nínú ẹyinjú, tí ẹ tọ̀ sára nígbà náà, tàbí tí ẹ kò rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe parí, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí. Iṣan ọrùn tó fara pa lè fa àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ fún dókítà gbangba pé "Wọ́n fún mi lọ́rùn." Bí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín, páráṣítámọ́ọ̀lù ni wọ́n máa fún yín.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 fi hàn pé obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí, ewu kí ọkùnrin náà wá pa á lọ́jọ́ iwájú fi nǹkan bí ìlọ́po méje ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, tí obìnrin bá ti sọ ọ̀rọ̀ ọrùn fún mi, n kì í jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé a ti sọ ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó tún máa ń dẹ́rù bà mí bẹ́ẹ̀ ni kí ọkọ máa ní "Màá pa ẹ́, màá sì pa ara mi," kó ní ohun ìjà nílé, tàbí kó máa tọ ipasẹ̀ yín kiri.

Mo lóyún oṣù mẹ́fà, ó fi ẹsẹ̀ ta mí níkùn. Ẹ̀jẹ̀ ò dà.

Ẹ lọ sí ọsibítù síbẹ̀. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya sínú, kí a má rí ẹ̀kán kan níta. Bí ikùn bá le gbagidi tàbí tí ọmọ kò rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé èmi nìkan ni?

Rárá. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú 100 obìnrin tó ti wọlé ọkọ rí, 36 ló ní ọkọ ti lu òun, tàbí fipá bá òun lò, tàbí fi ọ̀rọ̀ ba òun lọ́kàn jẹ́ rí. Ẹ wo iye obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ kan láti Odògunyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì, wọ́n ń tu itọ́ funfun síta.

Bó bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò kó jáde?

Èmi náà ti béèrè èyí rí, mo sì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo rán egbò orí obìnrin kan, mo sì sọ fún un pé "Ẹ lọ ṣe sùúrù, ìyá. Nítorí àwọn ọmọ." Ó wò mí, ó ní ẹ ṣé. Ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, apá rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kọjú sí ògiri títí mo fi di apá náà tán. Kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ìgbà tí obìnrin bá ń lọ, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń jẹgàba lé e rí i pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó: ta ló máa san owó ilé ọdún kan àti kọmíṣọ̀nnù? Ta ló máa san owó ilé ẹ̀kọ́? Àti ìfẹ́, ẹ má gbàgbé ìfẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí ìyà dópin, wọn kò fẹ́ kí ọkùnrin náà kú tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n. Obìnrin máa ń lọ kó tún padà lọ́pọ̀ ìgbà kó tó lọ pátápátá. Nítorí náà, tó bá padà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ò ní bá a dá sí i mọ́.

Wọ́n ti gba owó orí mi. Bàbá mi ní òun kò fẹ́ dálémosú nínú ilé òun.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ẹnu àwọn àgbà wa ń sọ lójú agbo ìdána. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbí, wọ́n á gba owó orí tán, wọ́n á ka owó náà padà fún ìdílé ọkọ lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ, ọmọ ni àwọn fi fún wọn kí wọ́n bá àwọn tọ́jú. Ẹni tí a fi ọmọ sí lọ́wọ́ láti tọ́jú tó ń lù ú ní àlùbami, òun ló da májẹ̀mú yẹn. Ọmọ tó padà wá sílé kò dà á.

"Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́" ni wọ́n ń wí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń bá àna gbé ni àwọn ìyá wa ní lọ́kàn. Bàbá tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: ẹ pe ọmọ yín lórí fóònù, ẹ sọ gbólóhùn kan yìí fún un, "Yàrá rẹ ṣì wà nílé mi." Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń retí.

Pásítọ̀ ní kí n máa gbààwẹ̀. Àfáà ní kí n ní sùúrù.

Ẹ máa gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, tó ń kọrin ẹ̀mí káàkiri Nàìjíríà, kú ní Àbújá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú rẹ̀, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Kò sí ẹni tó lè ní obìnrin náà kò mọ àdúrà gbà.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ máa sùn láìléwu lálẹ́. Kò ní pe tọkọtaya jókòó síwájú ara wọn kó ní kí ìyàwó rojọ́. Ohun tí ìyàwó bá sọ níbẹ̀, ó lè fi ara san án nílé.

Àwọn ọmọ kò mọ̀. Inú yàrá ló ti ń ṣe é.

Wọ́n mọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa pé ó ń tọ̀ sílé, òun ló fi ọwọ́ hàn mí bí bàbá ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan kì í lè kàwé mọ́, àwọn kan á máa lu ẹlẹgbẹ́ wọn níléèwé, àwọn kan á dákẹ́ bí òkúta. Àkọ́bí sábà máa ń di ọlọ́pàá inú ilé: á sùn gbẹ̀yìn, á máa tẹ́tí.

Ní ti ẹni tí ọmọ máa bá gbé, "ti bàbá lọmọ" kọ́ ló ń dájọ́ ní kóòtù. Ohun tó ṣe ọmọ náà láǹfààní jù ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Èkó ti ọdún 2007 ní kí adájọ́ wò.

Kí ni òfin lè ṣe fún mi, láìkọ ọkọ mi sílẹ̀?

Ó lè fún yín ní àṣẹ ìdáàbòbò. Ilé ẹjọ́ ló ń fún ni. Adájọ́ lè pàṣẹ fún ẹni náà pé kó má lù yín mọ́, kó má wá sí ìsọ̀ yín, kó má tilẹ̀ wọ ilé náà. Bí ọ̀ràn bá le, wọ́n lè kọ́kọ́ fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pe òun. Bó bá rú àṣẹ náà, ọ̀ràn tuntun ló dá. Kò di dandan kí ẹ ní ìwé ìgbéyàwó: òfin 2007 kan àwọn tó jọ ń gbé, àwọn tó ń fẹ́ra, àwọn tó bímọ fúnra wọn, àti ẹbí.

Àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí. Ọdún 2021 ni òfin sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró. Ẹ lè pe 08000 333 333 lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ tẹ *6820#. Àwọn lóyà OPD, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún ará ìlú, kì í gba owó. Àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA náà máa ń ranni lọ́wọ́.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n lọ parí ọ̀rọ̀ tọkọtaya nílé.

Ó dùn mí pé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti obìnrin níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà. Ẹ dá orúkọ òfin 2007. Kí ẹ sì pe DSVA láti iwájú káńtà níbẹ̀, ohùn máa ń yí padà. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ohun tó rí lára yín, kí ọ̀rẹ́ sì ya fọ́tò egbò.

Ògìjo ni mò ń gbé.

Ògìjo kò jìnnà sí Odògunyàn rárá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ògùn ní òfin tirẹ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù tibẹ̀ ni ẹjọ́ yín máa lọ. Ọsibítù kò ní ààlà. Ẹ wá sí èyí tó bá sún mọ́ yín.

Ọkọ mi ló fipá bá mi lòpọ̀. Ṣé a lè sọ ìyẹn síta?

A lè sọ ọ́. Òfin 2007 kà á mọ́ ìwà ipá inú ilé. Ẹ dé ọsibítù kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò, wà ní ọgbà LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba Èkó ní Ìkẹjà, láti ọdún 2013, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò.

Ọkùnrin ni mí, ìyàwó mi ló ń lù mí.

Mo gbà yín gbọ́. Òfin kò sọ pé obìnrin nìkan, DSVA náà á gbọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo egbò yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni pa yín lẹ́nu mọ́.

Mo fẹ́ lọ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ má sọ fún un. Ẹ má fi ìbínú sọ ọ́ lójú ìjà.

Ẹ fi àpò kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀: ẹ̀dà ìwé ìbí àwọn ọmọ, NIN, ìwé ìgbéyàwó bó bá wà, káàdì báńkì, oògùn, aṣọ ọmọ, owó ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ kó o, kó má bàa ṣàkíyèsí. Ẹ há nọ́ńbà méjì sórí. Fóònù yín lè máa sọ ibi tí ẹ wà fún un, ẹ lo ti ẹlòmíràn láti pe àwọn tó máa ràn yín lọ́wọ́, nítorí *6820# lè hàn lára ohun tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ bá aládùúgbò kan ṣe àdéhùn ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan ní Báyékù, "Ẹ bá mi yá ìgò epo" ni tiwọn, ẹni tó bá gbọ́ ọ á pe ọlọ́pàá. Bí ìjà bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kúrò nítòsí ilé ìdáná, ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Ìkòròdú wa. Bí ọjọ́ orò bá ń bọ̀, tí wọ́n ti kéde ìsémọ́lé fún obìnrin, ẹ má dúró dé ọjọ́ náà nínú ilé tó ti ń gbóná. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà ìlú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n sé mọ́lé pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú kò ní ibi tó máa sá sí. Ẹ ti wà lọ́dọ̀ ẹbí yín láti àná rẹ̀.

Aládùúgbò ni mí. Mò ń gbọ́ ariwo lóru. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pe 112. Bí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta bá wà, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn, ẹ ní ẹ fẹ́ yá iyọ̀, tàbí pé omi ń jò. Ẹ má ní ẹ gbọ́ ìjà. Ìgbà míràn, kíkan náà nìkan máa ń dá ọwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró dìgbà tó bá dá wà, nídìí ẹ̀rọ omi bóyá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí lo ṣe fún un?" Èmi máa ń sọ pé: "Mo gbọ́ lánàá. Ẹ̀bi yín kọ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ ní kí n sọ ọ́. Ilẹ̀kùn mi kì í tì lóru." Ó lè ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹ ní ó dáa. Ẹ bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì tún kí i lọ́la.